Ìdí Tí Rílè Fi Ń Kágò Nínú Ọkọ̀

Nígbà láéláé, kì í ṣe láéláé tí ẹranko ń fọhùn bí ènìyàn o. Láéláé tèmi kò jìnnà tó yẹn. Nígbà tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ tó wà nílùú Òkè-Apá kò ju mẹ́ta lọ, gbogbo ilé ló sì mọ ikọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ọ̀kan bá wúkọ́ lọ́nà odò, àwọn ọmọdé á ti máa pe orúkọ ẹni tó ni ín.

Láyé ìgbà náà, Rílè kì í fọhùn rárá.

Ẹni tí kò bá mọ Rílè, ẹ jẹ́ kí n fi í mọ̀ ọ́n. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ló ń gbé, ní igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bátìrì. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Wáyà bàbà tín-ín-rín wé mọ́ra wọn nínú rẹ̀ bí òwú, ilẹ̀kùn irin kékeré kan sì wà níwájú rẹ̀. Ilẹ̀kùn yìí ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Bí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnì pé kí Fáànù fẹ́, ìránṣẹ́ kékeré kan á wá sọ fún Rílè. Rílè á fa ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà náà ni Iná, alágbára ọmọ Bátìrì, á sáré gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá lọ bá Fáànù. Fáànù á fẹ́ atẹ́gùn, ara Ẹ́ńjìnì á tutù, ọkọ̀ á sì máa lọ sí ibi tó ń lọ.

Nígbà náà, Rílè kò ní ìdérí lórí. Gbangba ló jókòó sí, ó ń rí gbogbo wọn. Àmọ́ jẹ́jẹ́ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, jẹ́jẹ́ ló ń padé. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ní àràárọ̀, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, Ẹ́ńjìnì á mí kanlẹ̀, á ní, "Fáànù, o kú iṣẹ́ o. Ara tù mí."

Fáànù á ní, "Kì í ṣe èmi nìkan, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá Bátìrì ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Bátìrì á fi àgbà rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ọmọ mi ni kí ẹ kí. Iná ló sáré."

Rílè á máa retí kí Iná náà sọ pé ẹnì kan wà tó ṣílẹ̀kùn fún òun. Iná kì í sọ ọ́. Kò mọ̀ pé ẹnì kankan wà níbẹ̀. Báyìí ni wọ́n á ṣe kí ara wọn tán, tí ọ̀rọ̀ á parí, tí orúkọ Rílè kò ní jáde lẹ́nu ẹnì kan.

Ohun tó tún dùn ún jù ni ti àgò. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà onílé, bó o bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba, wàá dúró, wàá ní, "Àgò o!" Ẹni tó wà nínú ilé á dáhùn pé, "Àgò yà!" Ìgbà náà ni wàá wọlé. Ilé tí wọn kì í ti í kágò kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, ahoro ni. Iná sì ń gba ilé Rílè kọjá lójoojúmọ́ bí ẹni ń gba ahoro kọjá.

Ó dun Rílè. Kò dùn ún bí ohun tó ń jẹni níyà lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ. Ojoojúmọ́ ló ń dùn ún, ó sì ń pọ̀ sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rò ó nínú ara rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá ṣílẹ̀kùn mi tán, Iná á sáré kọjá. Bí mo bá ṣí i díẹ̀, yóò dúró. Bó bá dúró, á wojú mi. Bó bá wojú mi, á kí mi."

Ẹ gbọ́ èrò ẹni tó dá wà! Ó dà bí ọgbọ́n létí ẹni tó ń rò ó.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí jẹ́ ti Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá, obìnrin tó ń gbẹ̀bí káàkiri àwọn abà. Lọ́jọ́ náà, ó ń lọ sí abà Olókùúta, níbi tí aboyún kan ti ń rọbí. Oòrùn mú. Nọ́ọ̀sì tẹ bọ́tìnì Fáànù. Ìránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ Rílè. Rílè fa ilẹ̀kùn rẹ̀, kò fà á tán.

Iná sáré dé, ó sì fẹsẹ̀ kọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. Ó wò sọ́tùn-ún, ó wò sósì, ó wojú Rílè.

Iná ní, "Háà! Ṣé ènìyàn ń gbé ibí ni?"

Rílè fẹ́ dáhùn. Ó fẹ́ sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni, ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbí." Ṣùgbọ́n kò ní ohùn. Ó kàn ń wo Iná ni.

Rílè ti gbàgbé ohun kan: iná kì í dúró lójú kan kó má jó ibẹ̀. Níbi tí Iná ti ń wojú rẹ̀ yẹn ni ẹnu ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà. Ó pọ́n, ó dúdú. Dáyóòdù, aṣọ́nà kékeré tó wà lẹ́yìn Rílè, fọ́ sí méjì. Ẹ̀fín sọ. Iná bẹ̀rù, ó sá padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Fáànù kò fẹ́ mọ́. Ara Ẹ́ńjìnì gbóná títí omi fi ń hó nínú rẹ̀, ọkọ̀ sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gúsí kan. Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá gbé báàgì rẹ̀ rù, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù. Kó tó dé, ọmọ ti wáyé. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ìyá àgbà tó wà lábà ni ìyá àti ọmọ fi rí ayé.

Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì kan ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi ìka méjì fa Rílè yọ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, èyí ti jó. Ẹ jù ú nù. Tuntun ni kí ẹ rà, ìlú ńlá ni wọ́n ti ń tà á. Ọ̀wọ́n gógó ni, á sì tó oṣù méjì kó tó dé ibí."

Rílè gbọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ látìgbà tó ti dáyé, wọ́n sì ní kí wọ́n jù ú nù.

Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá kò jù ú nù. Ó dì í sínú aṣọ ìnujú, ó mú un lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ògúndìran. Riwáyà ni bàbá yìí, ìyẹn àwọn tó ń tún wáyà àti iná ọkọ̀ ṣe. Ó ti darúgbó. Òun nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ létí ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Òo, Nọ́ọ̀sì tèmi. Ṣé àwọn ọmọ ń wá sáyé dáadáa?"

"Wọ́n ń wá, Bàbá. Èmi ni mi ò dé ibi tí wọ́n ń wá sí mọ́. Ẹ wò ó. Wọ́n ní kí n jù ú nù."

Bàbá Ògúndìran gbé Rílè sórí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

Ó ní, "Ó jó. Ṣùgbọ́n kò kú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Fi í sílẹ̀ fún mi, kó o padà wá lọ́túnla."

Lórí tábìlì Bàbá ni Rílè sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ó sì gbọ́ ohùn Bàbá láti ìta.

"Àgò o!"

Rílè wò yíká. Ta ló wà níbẹ̀ tó fẹ́ dáhùn? Kò sí ẹnì kan. Irinṣẹ́ ló wà, àti wáyà, àti ẹní kan tí wọ́n ká tì sí ògiri, àti rédíò kékeré kan tí eruku bò lórí pẹpẹ.

Bàbá dúró díẹ̀ níta, bí ẹni ń retí. Lẹ́yìn náà ló wọlé. Ó jókòó, ó gbé Rílè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dá wà tó bẹ́ẹ̀, irinṣẹ́ ni alábàárò rẹ̀.

Ó ní, "Má dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé mo ń ṣe bí wèrè. Àṣàkẹ́ ló máa ń jókòó sórí ẹní yẹn. Á máa ṣa ẹ̀wà, á máa gbọ́ rédíò. Bí mo bá ti ibi ìwẹ̀ dé láàárọ̀, màá kágò. Mo mọ̀ pé ìyàwó mi ni, mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mi ni, síbẹ̀ màá kágò. Á ní, 'Àgò yà, olówó orí mi.' Ọdún kẹta rèé tó ti lọ. Ẹnu mi ni kò tíì gbọ́."

Rílè ìbá fún un ní gbogbo bàbà inú rẹ̀ láti dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kí ni yóò fi dáhùn?

Bàbá mú sáńpépà. Ó ya á wẹ́wẹ́, ó sì fi ń ra ẹnu ilẹ̀kùn Rílè jẹ́jẹ́, títí dúdú fi lọ tí irin fi ń dán. Ó yẹ wáyà bàbà wò, ó rí i pé kò já. Ìgbà náà ló rí Dáyóòdù tó fọ́ sí méjì. Kò ju wóró ìrẹsì lọ, ṣùgbọ́n òun ni aṣọ́nà: ó máa ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan lọ, kì í jẹ́ kó ṣẹ́rí padà wá ba ilé jẹ́. Láìsí i, Rílè kò lè pẹ́ kó tó tún jó.

Bàbá da agolo mílíìkì tó ń kó wóró-wóró sí sórí tábìlì. Ó ṣa á títí. Èyí kéré jù, èyí ti kú, èyí kì í ṣe irú rẹ̀.

Ó wo rédíò orí pẹpẹ. Ó gbójú kúrò. Ó tún ṣa inú agolo. Ó tún wo rédíò.

Rédíò Àṣàkẹ́ ni. Ọdún tí Àṣàkẹ́ lọ ni ohùn rédíò náà lọ, Bàbá kò sì jẹ́ tú u, òun tó ń tú gbogbo nǹkan. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ó ń sinmi."

Ó dìde, ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu eruku orí rẹ̀.

Ó ní, "Àṣàkẹ́, má bínú. Wóró kan ni mo fẹ́. Àwọn aboyún ló ń dúró de ọkọ̀ yẹn. Bó bá ṣe pé o wà níbí, ìwọ ni ìbá ti sọ pé kí n yọ ọ́."

Ó tú rédíò. Ó yọ dáyóòdù kan níbẹ̀. Ó ki irin bọná, ó yọ́ lẹ́ẹ̀dì, ó sì lẹ dáyóòdù náà mọ́ ẹ̀yìn Rílè. Èéfín funfun kan gòkè, ó tú ká.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fara balẹ̀ níbí. Ọdún méjìlá ni dáyóòdù yẹn fi ṣiṣẹ́ nínú rédíò. Kò sí ọjọ́ tí ohùn kò gba orí rẹ̀ kọjá, ohùn agbóhùnsáfẹ́fẹ́, ohùn olórin, ohùn àwọn tó ń polówó ọṣẹ. Kò sì sí àárọ̀ kan tí kò gbọ́ "Àgò o" àti "Àgò yà". Nígbà tí rédíò kú, gbogbo ohùn wọ̀nyí ṣá lọ. Ẹyọ kan péré ló kù nínú dáyóòdù náà, ẹyọ náà ló sì bá a wọ ara Rílè.

Bàbá fa wáyà méjì láti orí bátìrì tó fi ń dán nǹkan wò. Ó fi kan Rílè.

"Kẹ́!"

Wáyà bọ́ lọ́wọ́ Bàbá.

"Kẹ́!"

Bàbá Ògúndìran wẹ̀yìn. Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Ta nìyẹn?"

Kò sí ẹnì kan. Ó rọra mú wáyà, ó tún fi kàn án. "Kẹ́!" Ó gbé e kúrò. "Kẹ́!" Ogójì ọdún ló ti fi ń ṣe riwáyà, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Rílè ti fọhùn. Ó ń kágò bí iná bá ń wọlé, ó ń dágbére bí iná bá ń jáde.

Bàbá tẹ orí ba sún mọ́ Rílè. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ọ̀nà gbọ́.

"Àgò yà."

Ṣé ẹ mọ bí inú Rílè ti dùn tó? Èmi ò lè sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n ti ń dá lóhùn láti kékeré kò lè mọ̀ ọ́n.

Ọ̀túnla pé, Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá dé. Bàbá ní, "Mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò." Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ó tún dé. Bàbá ní, "Kò tíì dá mi lójú." Irọ́ ni. Ní gbogbo àárọ̀, bó bá ti ṣílẹ̀kùn, á sáré lọ fi wáyà kan Rílè kó tó bọ́ bàtà. "Kẹ́!" "Àgò yà!" Àwọn méjèèjì a sì jókòó tira wọn. Inú Rílè dùn sí irọ́ náà, kí n má purọ́ fún yín.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Nọ́ọ̀sì wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku dé orúnkún. Kò tilẹ̀ jókòó.

Ó ní, "Bàbá, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé aboyún kan sí wá bá mi lánàá. Láti Olókùúta. Orí kẹ̀kẹ́, Bàbá! Ọlọ́run ló yọ ọ́. Bí rílè yẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ fún mi kí n mọ ibi tí mo máa gbà."

Bàbá Ògúndìran wo ilẹ̀. "Ọmọ mi, mo parọ́ fún ọ. Ọjọ́ kejì tó o gbé e wá ló ti dára. Èmi ni mi ò fẹ́ kó lọ."

Nọ́ọ̀sì kò bínú. Ó wo rédíò tó tú sílẹ̀ lórí tábìlì, ó wo ẹní tó ká tì sí ògiri. Ó wá jókòó.

Bàbá gé ike dúdú kan, ó tẹ̀ ẹ́ bí àpótí kékeré. Ó ní, "Eruku ọ̀nà abà pọ̀. Jẹ́ kí n bò ó lórí, kí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ má tún dọ̀tí." Ó gbé àpótí náà bo Rílè mọ́lẹ̀. Ojú Bàbá ni ohun tí Rílè rí kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, òkùnkùn ni.

"Èló ni owó yín, Bàbá?"

"Lẹ́ẹ̀dì bíńtín ni mo lò. Má fún mi lówó. Bó o bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, máa dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kó o tẹ Fáànù lẹ́ẹ̀kan kí n gbọ́ ọ. Ó tán."

Rílè padà sínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ Fáànù, ó fa ilẹ̀kùn rẹ̀ tán, ó ké, "Kẹ́!"

Bátìrì ta gìrì. Ẹ́ńjìnì ní, "Ta ló ń kágò?" Iná ní, "Háà! Onílé wà nílé o! Ẹ kú ilé o!" Ṣùgbọ́n kó tó sọ ọ́ tán, ó ti dé ọ̀dọ̀ Fáànù. Iná kì í dúró, Rílè náà kò sì jẹ́ dá a dúró mọ́. Láti inú àpótí dúdú rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìkíni tó ń sáré kọjá lọ. Kò rí ojú ẹni tó kí i.

Ti àràárọ̀ nìkan ló kù tí í ṣe tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì á dúró létí ọ̀nà, á tẹ Fáànù. "Kẹ́!" Láti inú ṣọ́ọ̀bù, láì gbójú sókè, Bàbá á ní, "Àgò yà o!" Ọkọ̀ á sì máa lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, ó ń dáhùn. Bí ọyẹ́ bá mú, ó ń dáhùn, ohùn rẹ̀ á kàn há díẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá dúró síbi tó máa ń dúró sí. Ó tẹ Fáànù. "Kẹ́!"

Kò sí ohùn.

Ewé ti já sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kankan kò gbá a. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì mọ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, ìlú ti kéde ikú Bàbá lánàá. Kò kàn mọ bí ó ti máa kọjá láìdúró ni. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì gbé orí lé ọwọ́ ìtukọ̀.

Ṣùgbọ́n Rílè kò rí ewé, kò rí àgádágodo. Inú àpótí dúdú ló wà. Ohun tó rò ni pé òun kò ké tó ni Bàbá kò fi gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Rílè ti ń fi gbogbo agbára ké "kẹ́" kí iná tó wọlé, tó sì ń ké e bí iná bá ń jáde, nínú àpótí dúdú rẹ̀, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn rílè yòókù láyé ti ṣe kọ́ ọ, ẹ má bi mí. Ìwà a máa ràn, ìbànújẹ́ náà a sì máa ràn. Ìdí náà rèé tí gbogbo riwáyà fi ń dẹ etí sí rílè kí wọ́n tó sọ pé kí wọ́n jù ú nù. Bí wọ́n bá gbọ́ "kẹ́", wọ́n á ní, "Kò tíì kú."

Wọn kì í dá a lóhùn. Wọn kò mọ̀ pé àgò ló ń ké, àti pé ó ṣì ń retí.